Níbo Ni Odò Ọ̀ṣun Ti Bẹ̀rẹ̀?

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá: níbo ni odò Ọ̀ṣun ti bẹ̀rẹ̀, níbo ló sì parí sí? Ibi tí kálukú bá fi ṣe ààlà odò náà ni yóò dáàbò bò.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọnà bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n tètè dìde. Ní ọdún 1950 ni Susanne Wenger, ọmọ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà. Nígbà tó fi Òṣogbo ṣe ibùgbé, igbó Ọ̀ṣun ti ń tú lọ. Agégẹdú ń wọ̀ ọ́, ọdẹ àti apẹja ń wọ̀ ọ́, àwọn ojúbọ sì ń wó. Òun àti àwọn ará ìlú, Adébísí Àkànjí tó jẹ́ birikilà, Buraimoh Gbádàmósí tó ń gbẹ́ òkúta, Kàsálì Àkàǹgbé tó ń gbẹ́ igi, fi sìmẹ́ńtì, irin, òkúta àti igi gbé ère dìde láàárín igbó. Ẹni tó bá gbé àáké wọlé á rí i lójúkojú pé ibẹ̀ ní olóhun. Ní ọdún 1965 ìjọba kéde apá kan igbó náà ní ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè, wọ́n fẹ̀ ẹ́ ní 1992, UNESCO sì kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní 2005: nǹkan bíi hẹ́kítà 75.

Iṣẹ́ ńlá ni, n kò sì mọ òfin kankan tó dá agégẹdú dúró bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbà kò lè dá omi dúró.

Òkè odò ni wàhálà tuntun ti ń wá. Góòlù wà nínú àpáta àgbègbè Iléṣà, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Àwọn awakùsà ń gbẹ́ etídò, wọ́n ń fọ yẹ̀pẹ̀ nínú omi, ẹrẹ̀ sì ń ṣàn wá sí Òṣogbo títí odò fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹrẹ̀ tí ojú ń rí kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí jù. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi mẹ́kúrì, irin olómi tó ní májèlé, kó ẹ̀rún góòlù jọ, wọ́n á yọ́ ọ lórí iná, èéfín rẹ̀ á gbéra, ìyókù á wọ ilẹ̀ àti omi. Ní ìsàlẹ̀ odò, àwọn kòkòrò àìfojúrí máa ń yí i padà sí oríṣi mìíràn tó ń kó sínú ẹja. Ó lè ti ara ìyá wọ inú oyún, kí ó ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ẹ ronú sí i: àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ ló pọ̀ nínú àwọn tó ń bu omi Ọ̀ṣun mu nígbà ọdún rẹ̀ lóṣù kẹjọ!

Ayàwòrán lè ya omi tó pọ́n. Kò lè ya mẹ́kúrì. Onímọ̀ kẹ́mísìrì nìkan ló lè wọ̀n ọ́n. Àmọ́ ìwọ̀n nìkan kò tó. Ní Minamata, lórílẹ̀-èdè Japan, àwọn dókítà fi àìsàn àjèjì sùn ní 1956. Ní 1959, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Kumamoto ti sọ pé mẹ́kúrì ni. Ọdún 1968 ni ìjọba tó gbà pé ilé iṣẹ́ kan ló ń dà á sínú òkun. Ọdún mẹ́sàn-án ni ìmọ̀ fi wà nílẹ̀ tí èèyàn ń jẹ ẹja náà. Lẹ́yìn náà ni àwòrán tí ayafọ́tò W. Eugene Smith yà gbé ojú àwọn tó fara gbá a dé iwájú gbogbo ayé.

Ẹ wá jẹ́ kí n padà sórí ààlà. Ti UNESCO ò kọjá igbó náà àti ilẹ̀ tó yí i ká. Onímọ̀ omi máa ní gbogbo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn sínú odò ni odò, láti Ìgèdè-Èkìtì títí dé ọ̀sà Lẹ́kí. Ẹ bi Ìyá Ọ̀ṣun, àwòrò tó ń bọ odò náà, ohun kan náà ni yóò sọ: yèyé kò bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Àwọn olùjọsìn tó ń ti Brazil àti Cuba wá mọ èyí pẹ̀lú. Onímọ̀ omi àti abọrìṣà ti fẹnu kò láìmọ̀, síbẹ̀ a kì í sábà pe àwọn méjèèjì sí ìpàdé kan náà.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Kí a máa wọn omi náà lásìkò òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, láti Ìgèdè sọ̀kalẹ̀, lókè ibi ìwakùsà àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí Ìyá Ọ̀ṣun àti onímọ̀ kẹ́mísìrì jọ kéde èsì rẹ̀ létí odò, ní èdè Yorùbá, kí ọdún tó dé. Ìkìlọ̀ tí òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan bá ṣe, ẹni tó gbàgbọ́ pé omi yèyé ń wòsàn kò ní gbà á.

Ó sì ku àwọn awakùsà. Ọ̀dọ́ tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn gan-an ló ń kọ́kọ́ fa èéfín mẹ́kúrì símú. Ẹ̀rọ wà tó ń gba èéfín náà padà kó tó fọ́n ká, bẹ́ẹ̀ ni a lè ya góòlù sọ́tọ̀ láìlo mẹ́kúrì rárá. Ta ló máa kọ́ wọn, ta ló máa san owó rẹ̀? Ìpàdé wa tó ń bọ̀, Iléṣà ni mo fẹ́ kí a ti ṣe é, kí àwọn awakùsà sì wà lórí ìjókòó iwájú.