Iṣẹ́ Mọ́ Ẹ Lọ́wọ́, Kí Lo Fẹ́ Fi Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Ṣe?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Òṣogbo níbí la wà. Ẹ̀yin ẹnjiníà, nọ́ọ̀sì, akáǹtáǹtì, ẹ̀yin tí ẹ mọṣẹ́ dójú àmì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ máa ń sọ pé: "Iṣẹ́ mi ló ń sọ̀rọ̀ fún mi. Yúníọ̀nù wà fún àwọn tí ò mọṣẹ́."

Ṣé lóòótọ́? Ta ló ń gba owó gidi ní Nàìjíríà? Ṣebí àwọn tó wà nídìí epo rọ̀bì ni. Àwọn ẹnjiníà wọn ló wà nínú PENGASSAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àgbà nídìí epo. Àwọn tó ń wa bàálù ní ẹgbẹ́ tiwọn, NAAPE. Àwọn òṣìṣẹ́ àgbà ní báńkì náà ní tiwọn, ASSBIFI. Kí ni gbogbo wọn ń wá níbẹ̀?

Ẹ bá mi dé Ọjà Ọba. Ìyá tí ata rẹ̀ dáa jù, tí oníbàárà kì í wọ́n níwájú rẹ̀, inú ẹgbẹ́ alátà ló wà. Ata ló ń bá a pe oníbàárà, òótọ́ ni. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fowó lé owó ìsọ̀, ṣé ata ló máa lọ bá wọn sọ ọ́? Ìyálọ́jà ni! Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ tí ẹ mọ̀. Ó lè bá yín dúnàádúrà lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbà yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tọwọ́ bọ owó ìfẹ̀yìntì gbogbo yín ńkọ́?

Ní 1945, owó ọjà ti gbówó lórí nítorí ogun, owó oṣù ò kúrò lójú kan, làwọn òṣìṣẹ́ bá yanṣẹ́ lódì. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, rélùwéè tó ti dé Òṣogbo wa níbí láti 1907, wà lára àwọn tó ṣáájú ìyanṣẹ́lódì náà. Michael Imoudu tó léwájú wọn, iṣẹ́ tọ́nà, ìyẹn fífi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ló kọ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ gidi!

Ó dáa, ẹ fara balẹ̀ wàyí, ibi tí ẹ ti máa ń ṣì í rèé. Òṣìṣẹ́ kékeré, ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n kà á sí, àfi tó bá kọ̀wé pé òun ò ṣe. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ àgbà ńkọ́? Tiyín yàtọ̀! Ẹ ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, àfi tí ẹ bá kọ̀wé pé ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ KỌ̀WÉ! Mo tún un sọ: Ẹ KỌ̀WÉ!

Wọ́n dá ọ̀rẹ́ mi kan dúró níbi iṣẹ́, ẹnjiníà iná ni. Ó sáré lọ bá ẹgbẹ́. Akọ̀wé tẹ́ ìwé owó oṣù rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń fìka tọ̀ ọ́ wálẹ̀: owó orí, owó ilé, owó ìfẹ̀yìntì. Owó ẹgbẹ́ dà? Kò sí níbẹ̀, torí kò kọ̀wé wọ ẹgbẹ́ rí. Bẹ́ẹ̀ ó ń lọ sípàdé o, ó sì ní fìlà Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ nílé! Ó dùn mí dọ́kàn.

Ṣé wíwọ ẹgbẹ́ kò ní ìnira ni? Ó ní in. Ní 2022, ASUU yanṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́jọ, ìjọba sì dá owó oṣù wọn dúró. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ̀nyẹn o, ebi sì wọ ilé wọn. Bẹ́ẹ̀ náà, nínú àdéhùn ẹgbẹ́, ẹni tó gbóná níṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣọ̀lẹ lè jọ máa gba iye kan náà. Ìyẹn máa ń dun èèyàn. Síbẹ̀, èmi ní kí ẹ wọ̀ ọ́. Abala 40 nínú ìwé òfin 1999 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an lẹ ń gbani síṣẹ́ tí ẹ tún ń léni, òfin lè kà yín mọ́ àwọn aláṣẹ, kó má jẹ́ kí ẹ wọ ẹgbẹ́. Ẹ béèrè ìyẹn ná.

Lẹ́tà yẹn ò gùn: orúkọ yín, iṣẹ́ yín, pé ẹ fẹ́ wọ ẹgbẹ́, kí wọ́n máa yọ owó ẹgbẹ́ lára owó oṣù yín. Ẹ fún ẹgbẹ́ ní ọ̀kan, ẹ fún ọ́fíìsì ní ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín. Tí oṣù bá parí, ẹ yẹ ìwé owó oṣù wò. Tí wọn ò bá tíì yọ ọ́, ẹ padà lọ bá wọn lọ́jọ́ náà gan-an.