Wáàsí Jímọ̀: Ọmọ tó ní "ó sàn kí n kú", kí la máa ń kọ́kọ́ sọ fún un?

Àsàlámù àlékúm wàráhámátúlọ́ọ̀hì wàbàràkátúhù. Ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀ o ẹ̀yin ará mi nínú Islam, Ọlọ́hun á gba ìrun wa.

Ọ̀rọ̀ tòní wúwo, àmọ́ ká sọ ọ́ náà ni, torí àwọn ọmọ wa tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló kàn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé tí a bá kó ọmọ 7 tó wà láàárín ọdún 10 sí 19 jọ, ọ̀kan nínú wọn ní àìsàn ọpọlọ tó ń bá fínra, àti pé láàárín àwọn ọ̀dọ́ ọdún 15 sí 29, pípa ara ẹni ló ṣìkẹta nínú ohun tó ń pa wọ́n jù lágbàáyé. Ọmọ ọ̀hún sì lè máa kéwú dáadáa o, ó lè máa kírun, ó lè máa gba ipò kìíní ní kíláàsì.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bí a ṣe ń dá wọn lóhùn. Ọmọ á ní "ayé yìí ti sú mi, ó sàn kí n kú", kó tó sọ̀rọ̀ tán a ti já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀: "Astaghfirullah! Ṣé iná lo fẹ́ wọ̀ ni? Kí lojú ẹ rí gan-an, ṣé ebi ń pa ẹ́ ni?" Ọmọ á ní kò sí nǹkan, á wọ yàrá lọ, kò sì ní sọ ọ́ létí wa mọ́.

Mo mọ̀ pé hàráámù ni. Súrà Nísáì ẹsẹ 29 ní ká má pa ara wa. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ yẹn dópin, ó ní "dájúdájú Ọlọ́hun jẹ́ Aláàánú fún yín". Àánú ni Ọlọ́hun fi parí ẹ̀, àwa la máa ń já a sí àárín.

Ẹ jẹ́ ká wo Mọ́ríámọ̀, ìyá Ànọ́bì Ísà, obìnrin tí Ọlọ́hun fúnra ẹ̀ ṣà lẹ́ṣà. Nínú súrà tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀, ẹsẹ 23, ìrọbí mú un, òun nìkan nídìí igi dàbínù, ó sì mọ ohun tí àwọn èèyàn ẹ̀ máa sọ tó bá gbé ọmọ délé, ló bá ní "yéè, ǹ bá ti kú kí èyí tó dé, kí n ti di ẹni ìgbàgbé pátápátá". Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe dá a lóhùn: má banú jẹ́, omi rèé tó ń ṣàn nísàlẹ̀ ẹ, mi igi dàbínù yẹn, èso á já bọ́ fún ẹ, jẹ, mu, kí ọkàn ẹ balẹ̀. Wọn ò ní ìmọ́nì ẹ̀ ò tó, wọn ò fi iná dẹ́rù bà á. Wọ́n tù ú nínú, wọ́n fún un lómi àti oúnjẹ, wọ́n tún ní tó bá rí ẹnikẹ́ni kó má bá a sọ̀rọ̀ rárá, ìyẹn ni pé wọn ò ní kó máa ro ẹjọ́ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tí ara ẹ̀ ò gbà á.

Anas tó máa ń ṣèránṣẹ́ fún Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní àbúrò kan náà, ọmọ kékeré ni, Abu Umayr. Ẹyẹ tó fi ń ṣeré kú. Ẹyẹ lásán ni lójú àgbà, àmọ́ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a) rí i pé inú ọmọ náà ò dùn, ó bèèrè ohun tó ṣe é, ó sì bá ọmọ sọ̀rọ̀ ẹyẹ ẹ̀: "Abu Umayr, kí ni ẹyẹ kékeré yẹn ṣe?" Torí náà tó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ló já ọmọ yín sílẹ̀, tàbí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù, tàbí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ẹ má sọ pé kékeré nìyẹn.

Ẹ máa ṣàkíyèsí ọmọ tí kì í sùn mọ́ tàbí tó ń sùn ṣáá, tó yẹra fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, tó ń sọ pé ẹrù lòun jẹ́ fún yín. Èyí tó máa ń tan òbí jẹ jù ni pé ọmọ lè máa pín ohun tó fẹ́ràn, ó fún àbúrò ní tẹ̀súbáà ẹ̀, ó fún ọ̀rẹ́ láago ọwọ́, ara ẹ̀ wá balẹ̀ lójijì lẹ́yìn ẹkún, ìyá á ní Alhamdulillah, ọmọ mi ti bọ́ nínú ẹ̀. Ẹ tètè sún mọ́ ọn. Ẹ bi í tààrà, "ṣé ó ń wá sí ẹ lọ́kàn pé kí o pa ara ẹ?" Ìbéèrè yẹn kọ́ ló máa fi í sí i lọ́kàn, ara máa ń tu ọmọ pé ẹnì kan tiẹ̀ bèèrè ni. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn àti májèlé kúrò nílé, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Àwọn tó ń sọ pé àlùjàǹnú ni, tí wọ́n ń na ọmọ, tí wọ́n ń dè é mọ́lẹ̀, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun. Hàdíìsì wà nínú Bukhari pé Ọlọ́hun ò sọ àìsàn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn ẹ̀ kalẹ̀. Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí tó kú ní 934, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkàn ń ṣàìsàn bí ara ṣe ń ṣàìsàn, pé ìtọ́jú sì wà fún un. Bí ibà bá mú ọmọ, a máa ń ṣàdúà, a sì máa ń fún un lóògùn.

Ìwọ ọmọ tó ń ka èyí ńkọ́, tó jẹ́ pé ìwọ gan-an lọ̀rọ̀ yìí ń bá wí? Ọlọ́hun ò kọ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ànọ́bì Yáàkúbù sunkún títí ojú ẹ̀ fi funfun, Ànọ́bì ni síbẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fúnra ẹ̀ máa ń ṣe àdúà yìí dáadáa: Allahumma inni a'udhu bika minal hammi wal hazan, Ọlọ́hun mo sá di Ọ́ kúrò nínú ìrònú àti ìbànújẹ́. Ṣe é, kí o sì dìde lọ bá èèyàn. Sọ ọ́ fún ìyá ẹ, fún bàbá ẹ, fún tíṣà, fún ẹ̀gbọ́n, fún alfa tó o fọkàn tán. Tẹ́ni àkọ́kọ́ bá já lu ọ̀rọ̀ ẹ, má pa dà sí yàrá, lọ bá ẹlòmíì. Tó bá sì jẹ́ pé alẹ́ òní ló le jù, má dá sùn, lọ síbi tí èèyàn wà, kí o ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀ lémi nìkan".