Aago Ọkọ̀, Aago Ẹranko: Bí A Ṣe Ń Yan Ìrìn-Afẹ́ Nígbà Tí Ọkọ̀ Bá Gúnlẹ̀ ní Káríbẹ́ánì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ aago ni ọ̀rọ̀ tòní. Ẹni tó wọ ọkọ̀ afẹ́ ní Miami tàbí Fort Lauderdale, tó sì ti sanwó láti lọ wo ẹranko ní erékùṣù mẹ́ta mẹ́rin, aago méjì ló ń tẹ̀ lé láìmọ̀. Ọ̀kan ni ti ọkọ̀: ó sábà máa ń gúnlẹ̀ ní nǹkan bí aago 8 àárọ̀, a sì máa ṣí láàárín aago 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́. Èkejì ni ti ẹranko. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a jẹun ní ìdájí, wọn a forí pamọ́ nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó tún jáde. Ẹ ò rí i pé wákàtí tí ẹranko ń sá fún oòrùn gan-an ni ọkọ̀ ń tú èrò sílẹ̀. Àwọn èèyàn a máa wo àwòrán inú ìwé ìpolówó, wọn kì í béèrè aago tí wọ́n ya á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ kò ní rí. Ìjàpá òkun tó tóbi jù lọ láyé, èyí tí wọ́n ń pè ní leatherback, máa ń gòkè wá yé ẹyin ní Grande Riviere ní Trinidad láti oṣù Kẹta sí oṣù Kẹjọ, àmọ́ òru ló ń wá. Nígbà yẹn ọkọ̀ yín ti wà lójú agbami. Ẹyẹ ibis pupa tó wà ní irà Caroni, ní Trinidad kan náà, aṣálẹ́ ló ń wọ́ padà sórí igi lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ọkọ̀ kékeré tó ń gbé èèyàn lọ wò ó kì í sábà gbéra títí di aago 4 ìrọ̀lẹ́. Odídẹ Dominica ńkọ́, sisserou tó wà lára àsíá orílẹ̀-èdè náà, tí àyà rẹ̀ pọn bí àlùkò? Inú igbó orí òkè ló wà, ìdájí ló sì ń fò. Kí mọ́tò tó gbé yín láti èbúté Roseau dé ẹsẹ̀ òkè Diablotin, oòrùn á ti ga. Ẹni tó bá fẹ́ rí nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kó sùn síbẹ̀. Ẹni tó bá ta á fún yín bí ìrìn wákàtí mẹ́ta, igbó nìkan ló tà fún yín.

Èyí tó bá aago ọkọ̀ mu wá dà? Ní tèmi, àbùùbùtán Dominica ló ṣáájú. Ẹ gbọ́ orúkọ tí àwọn baba wa fún un: ẹran tí èèyàn bù, bù, bù, tí kò lè bù tán. Irú tó wà níbẹ̀ ni sperm whale, tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ara rẹ̀. Òkun tó wà níwájú erékùṣù náà jìn ju ẹgbẹ̀rún mítà lọ láìjìnnà sí etíkun, torí náà ọkọ̀ kékeré kì í rin ọ̀nà jíjìn kó tó dé ibi tí wọ́n wà. Àwọn abo àti ọmọ wọn ń gbé ibẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Lọ́dún 2023 ìjọba Dominica kéde pé àwọn yóò ya nǹkan bí 800 kìlómítà onígun mẹ́rin sọ́tọ̀ fún wọn lójú òkun. Àbùùbùtán yìí kò sì bìkítà bóyá ọ̀sán ni àbí òru. Ìsàlẹ̀ tó ti ń wá oúnjẹ, òkùnkùn ni nígbà gbogbo.

Atukọ̀ tó mọṣẹ́ kì í sáré kiri bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó já. Yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò sọ ẹ̀rọ agbóhùn kalẹ̀ sínú omi, yóò sì tẹ́tí. Ohun tó máa gbọ́ ni kọ́, kọ́, kọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fi èékánná kan tábìlì. Bí ìró náà bá ń lọ déédéé, ẹranko wà nísàlẹ̀, ó ń fi ìró yẹn wá oúnjẹ. Bó bá dákẹ́, ó ń bọ̀ lókè nìyẹn, ojú ló kù tí a ó fi ṣiṣẹ́. Ẹ má wo ibi tí omi ti ń ru. Èémí ni kẹ́ ẹ wá. Ihò imú rẹ̀ kan ṣoṣo wà níwájú orí, lápá òsì, torí náà èémí tó ń tú kì í lọ sókè gbọnrangandan: ó dagun síwájú, ó tún tẹ̀ sí òsì. Bẹ́ẹ bá ti rí ìkùukùu omi tó tẹ̀ báyẹn, kò tún sí àníàní, òun ni. Á wà lójú omi fún bí ìṣẹ́jú 10, á máa mí. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ ẹ̀yìn bí ọrun. Ìgbà tó bá tẹ ẹ̀yìn yẹn ni kẹ́ ẹ gbé kámẹ́rà, torí ìrù ló ń bọ̀ tẹ̀ lé e; tẹ́ ẹ bá dúró kí ìrù yọ kẹ́ ẹ tó gbé e, omi nìkan lẹ ó yà. Tó bá ti rì, ó tó ìṣẹ́jú 45 kó tún yọ. Nínú ìrìn wákàtí mẹ́rin, àǹfààní mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré lẹ ní.

Èébì ló ń ba ìrìn yìí jẹ́ jù. Ọkọ̀ kékeré tó pa ẹ́ńjìnnì máa ń yí gbiri ju ọkọ̀ tó ń sáré lọ, orí àwọn tó jókòó síwájú ló sì ń yí jù. Ẹ jókòó sáàárín tàbí síwájú ìdí ọkọ̀ díẹ̀, ẹ tẹjú mọ́ ibi tí òkun àti sánmọ̀ ti pàdé, ẹ yọ ojú kúrò lára fóònù. Oògùn tí a ń lò fún un, ó yẹ kó ti wà níkùn ní bíi wákàtí kan kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Ẹni tó dúró dìgbà tí inú rẹ̀ ń ru kó tó gbé e mì ti pẹ́ jù.

Grand Cayman ní tiẹ̀ kò ní èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè gúnlẹ̀ sí. Ọkọ̀ á dákọ̀ró síwájú George Town, ọkọ̀ kékeré á sì máa kó èrò lọ sórí ilẹ̀. Bí ìjì bá pọ̀, kò sẹ́ni tó ń bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹja stingray ni wọ́n tìtorí rẹ̀ wá: ẹja pẹlẹbẹ tó fẹ̀ bí aṣọ ìbora, tí ìrù rẹ̀ gùn bí pàṣán. Àwọn apẹja ayé àtijọ́ ló máa ń dúró lórí òkìtì iyanrìn kan ní North Sound, ọ̀sà ńlá kan ní erékùṣù náà, láti fọ ẹja wọn, tí wọ́n ń da ìfun rẹ̀ sómi. Àwọn stingray gbọ́ òórùn, wọ́n wá, wọn ò sì lọ mọ́. Àwọn tó ṣèwádìí rí i pé àwọn ti ibẹ̀ ti yí aago ara wọn padà: òru ni irú wọn ń jẹun níbòmíràn, àmọ́ ọ̀sán làwọn ń jẹun torí ọ̀sán ni èrò ń gbé oúnjẹ wá. Ẹranko tó gba aago ọkọ̀ nìyẹn. Mi ò rò pé ohun tó yẹ ká yọ̀ sí ni.

Bẹ́ẹ bá lọ ṣáá, omi ibẹ̀ kò ju ìbàdí sí àyà lọ. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó ń rìn lọ́jà. Ẹ máa wọ́ ọ lórí iyanrìn. Ẹgún olóró rẹ̀ wà ní apá ìdí ìrù, kì í ṣe ní ṣóńṣó, kì í sì í sábà lò ó àfi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá gún, omi gbígbóná tí ara lè gbà ni wọ́n ń ki ojú ọgbẹ́ bọ̀ kí ìrora tó rọlẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tí wọ́n bá fún yín ní ẹran squid, ẹran omi rírọ̀ kan, láti fi bọ́ ọ, ẹ di ọwọ́ ní ìkúùkù, kí àtàǹpàkò wà nínú, kí ẹran yọ lókè. Ẹnu rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ara, ojú rẹ̀ wà lókè, kò rí ohun tó ń jẹ. Á kàn fa ohunkóhun tó bá kàn án lẹ́nu. Ìka tó bá yọ síta, á fà á pọ̀ mọ́ ẹran. Òfin Cayman kò sì gbà kẹ́nikẹ́ni gbé e kúrò nínú omi nítorí fọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọjọ́ kan níbẹ̀. Ká ní ọkọ̀ dákọ̀ró ní aago 8, tí wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo èèyàn ti padà ní aago 3:30. Títò fún ọkọ̀ kékeré lè gbà tó ìṣẹ́jú 45, bọ́ọ̀sì á gba bíi 30, ọkọ̀ tó ń lọ sórí iyanrìn á tún gba bíi 30. Ẹ sọ ọ́ di méjì fún àlọ àti àbọ̀, ẹ fi ìdádúró díẹ̀ kún un: ọ̀sán ti lọ. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń ta ìrìn náà ni iye ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ ó lò nínú omi gan-an. “Wákàtí mẹ́rin” tó kọ síwèé, ojú títì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Aago kan tún wà tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Cayman kì í sún aago síwájú ní wákàtí kan láàárín ọdún bíi ti Amẹ́ríkà, Cozumel ní Mẹ́síkò náà kì í sún un. Láti oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, bí ọkọ̀ bá ṣì ń lo aago Miami, ó fi wákàtí kan ṣíwájú aago ìlú. Fóònù yín á gba aago ìlú fúnra rẹ̀. Ẹ wò ó, ó ní aago 2:30, ẹ ń jẹ ẹja sísun ní etíkun. Lórí ọkọ̀, 3:30 ti lù. Ẹ so aago ọwọ́ lásán, ẹ ṣètò rẹ̀ sí aago ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ọkọ̀ lẹ ti ra ìrìn náà, wọ́n á sábà dúró dè yín. Ẹni tó bá èèyàn ìta dòwò ni yóò wá ọ̀nà dé èbúté tó kàn lówó ara rẹ̀. Ti ìta ṣáà máa ń dín lówó, èrò rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Ẹni tó bá gbà á, kó fi wákàtí méjì sílẹ̀ níparí.

Ní Limón, ní Costa Rica, ẹranko sloth kò fún èèyàn ní wàhálà aago kankan. Orí igi ló ń gbé, ó ń lọ́ra débi pé ewéko àwọ̀ ewé ń hù sí i nírun, bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá yàgbẹ́. Ojú atọ́nà lẹ ń sanwó fún, torí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ilé èèrà ni. Bínókúlà 8x42 kan (tó ń mú nǹkan tóbi lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, tí ojú gíláàsì rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 42) tó fún èèyàn méjì. Ibi tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ gbé e mọ́ra ya fọ́tò, ẹ yẹra fún un. Ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì, ojú rẹ̀ kò sì ní fi hàn. Ohun kan náà ni mo máa sọ nípa dolphin, ẹran omi tó ń fò sókè, tí wọ́n há mọ́ inú ọgbà: ẹran ọ̀sìn ni, kì í ṣe ẹran igbó.

Ìjàpá òkun tó ń jẹ koríko abẹ́ omi, ọ̀sán ni tirẹ̀, Carlisle Bay ní Barbados kò sì jìnnà sí èbúté Bridgetown. Ó gbọ́dọ̀ gòkè wá mí, nítorí náà ẹ má lúwẹ̀ẹ́ lé e lórí. Nípa gíláàsì ìwo-abẹ́-omi, ẹ gbé e mọ́jú láìso okùn, ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́ wọlé. Tó bá lẹ̀ mọ́ ojú tí kò já, ó bá yín mu. Irungbọ̀n òkè ètè àti irun iwájú orí ló ń jẹ́ kí omi wọlé.

Iyùn tí ọba ń fi sọ́rùn, ìbátan iyùn abẹ́ omi tẹ́ ẹ máa rí yìí ni. Ohun ẹlẹ́mìí ni. Àrùn kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Florida lọ́dún 2014 ti ń jẹ ẹ́ káàkiri Káríbẹ́ánì, ooru òkun ọdún 2023 sì tún pa púpọ̀ sí i. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Láti ọdún 2020 ni Virgin Islands ti Amẹ́ríkà ti fòfin de ìpara oòrùn tó ní oxybenzone, octinoxate tàbí octocrylene, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ní ó ń ba iyùn jẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò kẹ́ ẹ tó rà á, tàbí kẹ́ ẹ kúkú wọ aṣọ ìwẹ̀ alápá gígùn, ó dára ju ìpara lọ.

Igi kan wà létíkun tó ń jẹ́ manchineel, tí èso rẹ̀ jọ ápù kékeré. Oje rẹ̀ ń bó ara. Bí òjò bá dé, ẹ má sá sábẹ́ rẹ̀, torí omi tó bá gba ara ewé rẹ̀ á bá oje yẹn wálẹ̀. Níbi púpọ̀ wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kùn ún yí ká, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, ẹ yẹ físà èbúté kọ̀ọ̀kan wò, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà nìkan, ẹ sì mú káàdì ibà pọ́njú dání. Níparí, ọ̀rọ̀ ohun tẹ́ ẹ máa kó bọ̀: ìlànà àgbáyé fàyè gba ìkarahun conch, ìgbín ńlá inú òkun, mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn ìlú kan ní tiwọn tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ẹ gba rìsíìtì. Ìyarun àti ẹ̀gbà tí wọ́n fi ẹ̀yìn ìjàpá òkun ṣe, tí wọ́n ń tà ní gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, àwọn aṣọ́bodè á gbà á lọ́wọ́ yín ní Miami, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé e.