Ibi Tí Afẹ́fẹ́ Ti Ń Bọ̀

ÀKÀNNÍ: Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, níbikíbi tí ẹ bá ti ń gbọ́ wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà lónìí o, nínú pálọ̀ bàbá mi. Tí ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀, ti ará ilé kejì ni, ẹ bá wa fara dà á. Àjọkẹ́ wà ní Amẹ́ríkà níbi tí mo fi í sí. Ohun tí a ṣèlérí lọ́sẹ̀ tó kọjá ni pé a máa sọ̀rọ̀ lórí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé ṣe ń wá iṣẹ́ àkọ́kọ́...

ÀJỌKẸ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ fídíò yẹn, èyí tí wọ́n fi ń sọ pé lébìrà ni mò ń ṣe ní Amẹ́ríkà, ni mo fẹ́ sọ.

ÀKÀNNÍ: Mo ti mọ̀. Bí o ṣe kí mi lẹ́ẹ̀kan ni mo ti mọ̀.

ÀJỌKẸ́: Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbọ́: mo ń ṣe intern, ìyẹn ẹni tó ń fi iṣẹ́ kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ baseball kan, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Mi ò ní dárúkọ wọn. Kì í ṣe àwọn ńláńlá tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó wà lábẹ́ wọn ni, níbi tí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lókè ti ń gbara dì kí wọ́n tó pè wọ́n. Ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbà mí sí. Sítátísíìkì ni mo kà ní LAUTECH, òun náà ni mo tún fi gba másítáàsì níbí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ tó ń rà á, ohun tó ń jẹ tó bá wọlé. Èmi ni mo sọ fún ọ̀gá wa pé ìdílé tó bá wá lẹ́ẹ̀mẹta ní oṣù karùn-ún, tí a kò bá rí wọn kí oṣù kẹfà tó parí, ká tètè pè wọ́n, nítorí wọ́n ń lọ nìyẹn. Inú Excel wọn ló wà láti ọjọ́ yìí o! Kò sẹ́ni tó wò ó.

ÀKÀNNÍ: O kú iṣẹ́. Fídíò.

ÀJỌKẸ́: Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Tó bá ti di ọjọ́ eré, kò sẹ́ni tó máa ní “tíkẹ́ẹ̀tì ni tèmi”. Ọjọ́ mẹ́fà léraléra la fi ń gbá a, láti Túsìdeè títí dé Sọ́ńdè, Mọ́ńdè nìkan la ń sinmi. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo ń wọlé, aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo ń jáde. Ẹnì kan á wọ aṣọ ẹranko tó jẹ́ àmì ẹgbẹ́, á máa bá àwọn ọmọdé ya fọ́tò...

ÀKÀNNÍ: Egúngún nìyẹn.

ÀJỌKẸ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnì kan á máa ju aṣọ sí àwọn èrò. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti ṣú, wọ́n á pariwo ọ̀rọ̀ kan péré lórí rédíò tó wà létí wa, gbogbo wa á ju ohun tó wà lọ́wọ́ wa sílẹ̀, a ó sáré wọ pápá. Tápólì ni. Amọ̀ ni wọ́n tẹ́ sí ibi tí àwọn eléré ti ń sáré láàárín pápá, amọ̀ pupa bí ilẹ̀ tiwa níbẹ̀ yẹn gẹ́lẹ́. Òjò ìṣẹ́jú mẹ́wàá á sọ ọ́ di ẹrẹ̀, eré alẹ́ ọjọ́ náà ti tán. Tápólì tí a fi ń bò ó, ẹsẹ̀ bàtà 170 níbùú, 170 lóròó. Ara rọ́ọ̀lù gbọọrọ kan ni wọ́n ń ká a mọ́. A ó yí i wọ pápá, gbogbo wa á di etí rẹ̀ mú, a ó sì máa sáré. Ẹ̀yin ẹ fojú inú wò ó, ó lè bo odindi agboolé bàbá yín.

ÀKÀNNÍ: Agboolé bàbá mi tóbi ju ìyẹn lọ.

ÀJỌKẸ́: Ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

ÀKÀNNÍ: Mo kàn ń sọ fún àwọn èèyàn ni. Ilé mọ́kànlá ló wà ńbẹ̀.

ÀJỌKẸ́: Ó dáa, agboolé bàbá yín tóbi. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Òjò ti ń kán. Àwa bí ogún la di í mú, èmi wà ní igun apá òsì. Bí a ṣe dé àárín, atẹ́gùn kó sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí nǹkan bẹ́ẹ̀ rí! Ó dìde bí ògiri. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí koríko, mo ṣubú, tápólì náà bò mí mọ́lẹ̀ pátápátá. Mi ò rí nǹkan kan. Ariwo òjò lórí rọ́bà nìkan ni mo ń gbọ́, àti ẹ̀rín àwọn èrò. Mo fi orí àti ìgbọ̀nwọ́ wá ọ̀nà jáde, mo dìde, mo tún di etí rẹ̀ mú, mo sáré bá wọn. A bò ó! Òjò dá, a ká a kúrò, wọ́n parí eré lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ẹgbẹ́ gbé fídíò náà sórí ìkànnì wọn, èmi fúnra mi ni mo mú un síbi status mi kí n tó sùn. Inú mi dùn ni. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn mi rí i.

ÀKÀNNÍ: Ẹnì kan wá gé e.

ÀJỌKẸ́: Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni wọ́n gé! Wọ́n mú un láti ibi tí mo ti ń sáré dé ibi tí tápólì ti bò mí, wọ́n dá a dúró síbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà rèé, lébìrà ló padà ń ṣe. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wà ní ẹgbẹ́ kíláàsì wa, ó ti wà ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dé Ọjà Jagun. Mi ò bínú pé wọ́n rí i tí mo ṣubú. Ta ni kì í ṣubú? Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn kò jẹ́ kó dé ibi tí mo ti dìde. Ó kù díẹ̀ kó débẹ̀!

ÀKÀNNÍ: Pẹ̀lẹ́.

ÀJỌKẸ́: Màámi pè mí lọ́jọ́ kejì. Wọn ò mẹ́nu bà á rárá. “Ṣé o ti jẹun?” Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n bi mí. Mo mọ̀ pé ojú ń tì wọ́n ni.

ÀKÀNNÍ: Mo ní nǹkan láti sọ nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n jẹ́ n kọ́kọ́ bi ọ́ lọ́rọ̀ kan, má bínú. Èló ni wọ́n ń san fún ọ?

ÀJỌKẸ́: Dọ́là 12 ní wákàtí.

ÀKÀNNÍ: Ófátáìmù?

ÀJỌKẸ́: Kò sí. Òfin àpapọ̀ wọn yọ ibi ìgbafẹ́ tí kì í ṣí ju oṣù 7 lọ lọ́dún sílẹ̀. Oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án ni eré wa.

ÀKÀNNÍ: Tóò. Wákàtí 14 lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà, ọmọ tó ní másítáàsì. Ẹni tó gé fídíò yẹn ṣe ìkà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń lò ọ́, Àjọkẹ́.

ÀJỌKẸ́: Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.

ÀKÀNNÍ: Kí ni kí n sọ? Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Houston...

ÀJỌKẸ́: Ẹ̀gbọ́n! Tí ẹ bá fi lè mú ìtàn búrẹ́dì tí ẹ máa ń sọ ṣáá yẹn wọ ọ̀rọ̀ yìí, mà á pa fóònù mi. Àwọn olùgbọ́ wa ti jẹ búrẹ́dì náà tán!

ÀKÀNNÍ: Mi ò ní dárúkọ búrẹ́dì. Mo fi í sílẹ̀.

ÀJỌKẸ́: Ẹ ṣeun. Ẹ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ èyíkéyìí ní Tákìé níbẹ̀ yẹn. Ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́, ṣé ìdí maṣíìnì ni wọ́n ń gbé e jókòó lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Á gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á pọn omi, á ra oúnjẹ wá fún ọ̀gá, á jókòó ti àwọn tó ń rán aṣọ, á máa wò. Ẹnikẹ́ni kì í ní lébìrà ni. Wọ́n á ní ó ń kọ́ṣẹ́. Kí ló dé tí tèmi fi wá di lébìrà nítorí pé mo gba másítáàsì? Nídìí tápólì yẹn, ẹni tó di etí kejì rẹ̀ mú ni ọ̀gá àgbà wa. Ọ̀gá àgbà o, bàtà rẹ̀ kún fún omi! Lọ́jọ́ kejì ló pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí n mú Excel mi wá.

ÀKÀNNÍ: Ìyẹn dáa, mi ò mọ̀yẹn tẹ́lẹ̀. Àmọ́ gbọ́: ọmọ télọ̀ yẹn, tó bá pé ọdún mẹ́ta, ọ̀gá rẹ̀ á ṣe fíríìdọ́ọ̀mù fún un. Wọ́n á pa adìyẹ, wọ́n á pe ẹbí, wọ́n á gbàdúrà, á lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Ta ló máa ṣe fíríìdọ́ọ̀mù tìrẹ? OPT, ìyẹn àyè oṣù 12 tí ìjọba ibẹ̀ ń fún ọmọ òkèèrè tó jáde ìwé láti ṣiṣẹ́, ló ń ka ọjọ́ fún ọ, kì í ṣe ọ̀gá rẹ.

ÀJỌKẸ́: ...Oṣù márùn-ún ti lọ nínú 12.

ÀKÀNNÍ: Ṣé o rí i.

ÀJỌKẸ́: Mo mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí, téèyàn bá jí lóru tó ń ka oṣù. Tí mo bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, 90 ọjọ́ ni wọ́n á kà mọ́ mi lọ́rùn láti fi rí iṣẹ́ mìíràn. Tí mo bá dúró, bóyá ẹ̀ka ńlá wọn á gbà mí, àwọn yẹn wà lórí E-Verify, ètò ìjọba tí ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó lè fi kún oṣù OPT mi, mo ti wò ó. Ẹ wo Masai Ujiri. Zaria ló ti dàgbà. Ó ń wá àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù agbọ̀n gbá fún Orlando Magic, wọn ò san kọ́bọ̀ fún un. Ní 2019 tí Toronto Raptors gba ife NBA, òun ni olórí níbẹ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

ÀKÀNNÍ: Ẹyọ kan. Mélòó ló ṣe irú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yẹn tí a ò gbọ́ orúkọ wọn? Bàbá mi máa ń sọ ọ̀rọ̀ 1976 fún wa, ọdún tí IICC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, gba ife Áfíríkà ti àwọn kílọ́ọ̀bù, tí wọ́n jẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà. Wọ́n mọ orúkọ gbogbo àwọn tó gbá a. Bi wọ́n léèrè ẹni tó ń fọ jẹ́sì.

ÀJỌKẸ́: Ṣùgbọ́n ẹnì kan fọ̀ ọ́, Ẹ̀gbọ́n! Ohun tí mò ń sọ nìyẹn! Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, jẹ́sì ìdọ̀tí ni wọn ì bá wọ̀ lọ gba ife.

ÀKÀNNÍ: Háà. O ti mú mi.

ÀJỌKẸ́: Ẹ sọ pé mo ti mú yín lẹ́ẹ̀kan sí i, kó wọ inú ẹ̀rọ dáadáa.

ÀKÀNNÍ: Mi ò sọ. Wọ́n ń lò ọ́ síbẹ̀. Wàyí o, jẹ́ n sọ ti Màmá. Mo dé ọ̀dọ̀ wọn ní Sátidé. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀lùbọ́ níwájú wọn, fóònù lọ́wọ́. Mo ní, “Ẹ kú ọjà, Màmá.” Wọn ò tilẹ̀ bi mí pé ìgbà wo ni mo dé. “Jókòó, wá bá mi wo nǹkan.” Fídíò náà ni. Wọ́n ti wò ó débi pé àtàǹpàkò wọn ti mọ ibi tí wọ́n máa tẹ̀ kó fi dúró. Èmi ti múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, mo ní, “Màmá, ọ́fíìsì ni Àjọkẹ́ wà o, ọjọ́ eré nìkan...” Wọ́n ní ta ló bi mí? Wọ́n fi ìka kan ojú fóònù. “Wo irun ọmọ òyìnbó yìí, wo apá ibi tó ń fẹ́ sí. Ibí yìí ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Kí ló dé tí wọn ò kọ́kọ́ gbé nǹkan wúwo lé ibẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i? Àjọkẹ́ ò ṣàìmọ̀. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń bá mi bo iṣu tí mo bá sá. Èmi ni mo kọ́ ọ.”

ÀJỌKẸ́: Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?

ÀKÀNNÍ: Bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn. Mo wá fi èyí tó pé hàn wọ́n, èyí tó wà lórí fóònù mi. Nígbà tó dé ibi tí o ti fi orí yọ, tí o tún di etí rẹ̀ mú, wọ́n ní, “Ẹ̀n-ẹ́n.” Ìyẹn nìkan. Wọ́n ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí ọ lẹ́yìn. Mo ní STAFF ni. “Sítáàfù?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n pe obìnrin tó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: “Ìyá Sàámú, sítáàfù ni wọ́n kọ síbẹ̀ o!” Kí n tó dìde, wọ́n ti sọ fún ẹni mẹ́fà. Wọ́n ní Ṣọ̀ún fúnra wọn, pásítọ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó wá gorí ìtẹ́ ní 2023, ta ló mọ ohun tí wọ́n ti ṣe rí níbẹ̀.

ÀJỌKẸ́: Ẹ̀gbọ́n... ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ n nu ojú mi.

ÀKÀNNÍ: Nu ún. Ó kù.

ÀJỌKẸ́: Kí ló tún kù?

ÀKÀNNÍ: Wọ́n ní bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ ni kò dáa, òun ló yọ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n mú bàtà òjò jáde, èyí tó ga dé orókún, tí àwọn àgbẹ̀ ń wọ̀ lọ oko ẹ̀gẹ́. Tuntun. Wọ́n ní kí n gbé e bọ̀ fún ọ.

ÀJỌKẸ́: Rárá o! Ẹ̀gbọ́n, bàtà òjò? Lórí pápá baseball?

ÀKÀNNÍ: Báàgì méjì oníkílò 23 tí mo ní, méjèèjì ti kún. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kò burú, inú bàtà náà ò ní ṣófo. Wọ́n di ẹ̀lùbọ́ sí ọ̀tún, wọ́n di ẹ̀lùbọ́ sí òsì, wọ́n so ẹnu rẹ̀.

ÀJỌKẸ́: Màámi! Ah, ẹ gbà mí! Ẹ mú ẹ̀lùbọ́ bọ̀, ẹ fi bàtà sílẹ̀.

ÀKÀNNÍ: Ṣé èmi ni màá lọ sọ ìyẹn fún wọn? Nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?

ÀJỌKẸ́: 40.

ÀKÀNNÍ: 39 ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀.

ÀJỌKẸ́: Ẹsẹ̀ tí mo gbé kúrò nílé nìyẹn. Ẹ gbé e bọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mà á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.