Òṣómàáló àti Agbára: Ohun tí Realism Rí, Ohun tí Kò Rí

Ẹ̀yin ọmọ Obòkun, ẹ kú ìjókòó. Kí n tó dárúkọ ọ̀mọ̀wé kankan ní Iléṣà níbí, ẹ jẹ́ ká rántí àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ. Wọ́n á di ẹrù, wọ́n á gba ìlú onílùú lọ, wọ́n á tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, tí onígbèsè ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, bàbá á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀ kùtù: òṣó ni màá ló títí màá fi gba owó mi. Ibẹ̀ lorúkọ Òṣómàáló ti wá.

Kò ní ọlọ́pàá lẹ́yìn, ọba ìlú náà kì í ṣe ọba rẹ̀. Orúnkún ara rẹ̀ ló gbójú lé. Bí realism, èrò àwọn ọ̀mọ̀wé tó ní agbára ló ń darí ìbáṣepọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè, ṣe ń wo orílẹ̀-èdè nìyẹn: kò sí ọba kan tó jẹ lórí gbogbo wọn, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàápàá kò ní ọmọ ogun tirẹ̀ àfi èyí tí wọ́n bá yá a, nítorí náà kálukú ń wá agbára tí yóò fi ṣọ́ ilé rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Hans Morgenthau, ọ̀kan lára àwọn onírealism, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1948, gbà pé inú ìwà ọmọ ènìyàn ni ìjàdù agbára ti ń wá. Ní 1979, Kenneth Waltz, onírealism mìíràn, ní àìsí ọ̀gá lórí wọn ló fà á. Waltz ni mo gbè sí, torí ẹ̀rù lè mú ẹni rere ra ìbọn.

Àwa gan-an mọ bí èrò yìí ṣe lágbára tó. Ìbàdàn ṣẹ́gun Iléṣà ní 1870, àwọn ajẹ́lẹ̀ rẹ̀, àwọn aṣojú tó fi ń ṣàkóso ìlú tó ṣẹ́gun, sì ń ni àwọn ìlú Èkìtì lára. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀, Èkìtì Parapọ̀ dìde, Ògèdèǹgbé wá di olórí ogun. Ẹ wá wo àwọn tó tún dojú kọ Ìbàdàn: Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ìlọrin! Ìlọrin kì í ṣe ọ̀rẹ́ Èkìtì tẹ́lẹ̀ rárá. Ìfẹ́ kọ́ ló kó wọn jọ. Ẹnìkan ló ti lágbára jù. Kò sí èrò mìíràn tó lè ṣàlàyé ogun yìí, ogun Kírìjì, yékéyéké bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ Bakassi, ilẹ̀ etíkun tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù jọ ń jà sí, ńkọ́? Ní October 10, 2002, ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague dá ilẹ̀ náà fún Kamẹrúùnù. Nàìjíríà lérò jù wọ́n lọ, ó lọ́mọ ogun jù wọ́n lọ. Síbẹ̀, Ọbásanjọ́ àti Biya, ààrẹ Kamẹrúùnù, fọwọ́ síwèé ní June 12, 2006, àwọn ọmọ ogun wa kúrò níbẹ̀ ní August, fífa ilẹ̀ náà lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ sì parí ní August 14, 2008. Àwọn onírealism á ní orúkọ rere náà jẹ́ agbára. Bí ohun gbogbo bá ti di agbára, kí ni ọ̀rọ̀ náà tún kù tó fẹ́ sọ fún wa? Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn apẹja tó sùn gẹ́gẹ́ bí ọmọ Nàìjíríà, tí ilẹ̀ wá yí orúkọ padà lábẹ́ wọn. Èrò tó ka orílẹ̀-èdè sí ẹnìkan ṣoṣo kò lójú tí yóò fi rí wọn.

Bàbá kan níwájú wá na ọwọ́: “Olùkọ́, bí onígbèsè bá ní ìbọn ńkọ́?”

Ìbéèrè gidi ni. Ìwé àlàáfíà Kírìjì ti wà nílẹ̀ láti September 1886; àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ló sáré láàárín. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tú àgọ́ títí di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter fi agbára ìjọba Èkó wá. Ẹ̀rí yẹn wúwo, mi ò lè sá fún un.

Ṣùgbọ́n mo ní: “Bàbá, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè yẹn. Realism rí òṣó tí bàbá wa ló. Àwìn ni kò rí. Kí ló dé tó fi aṣọ lé àjèjì lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀? Ó mọ agbo ilé rẹ̀, ó ti bá a jẹun, ó sì mọ̀ pé òun ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù mìíràn.” Bàbá mi orí. Ó ní bàbá tòun náà ta aṣọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ìlú tó máa ń lọ fún wa.