Ẹ Ṣí Ìgò Yẹn: Bí A Ṣe Ń Gbádùn Single Malt Láàárín Ẹgbẹ́ ní Ìjẹ̀bú

Ẹ kú ìjókòó o, ọmọ aláre. Ọ̀rọ̀ ìgò wisikí kan, irú tí wọ́n ń pè ní single malt, ni mo bá wá.

Ìgò náà wà ní ọ̀pọ̀ pálọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ṣàgámù, ní Ìperu. Inú páálí rẹ̀ ló ṣì wà, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó. Ọmọ tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́, tàbí kó jẹ́ àna ló gbé e wá. Ọdún ń gorí ọdún, kò sẹ́ni tó ṣí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá ṣí i, wọ́n á bu yìnyín kún ife dé ẹnu, wọ́n á da kóòkì lé e lórí, ọtí tó ti wà nínú àgbá fún ọdún 18 á sì tán kẹ́nikẹ́ni tó mọ adùn rẹ̀. Ó máa ń dùn mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé ohun tó wà nínú ìgò yẹn, àti bí a ṣe lè bù ú kí gbogbo tábìlì mọ̀ pé àwọn mu nǹkan.

[Àwòrán: ìgò mẹ́rin lórí tábìlì, lébẹ́ẹ̀lì wọn kọjú sí wa]

Lóde àríyá, gbogbo ohun tó bá láwọ̀ oyin, ọtí líle là ń pè é, ó parí. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà. Hennessy, bùràǹdí ni. Èso àjàrà ni wọ́n fi ṣe é nílẹ̀ Faransé. Jack Daniel's wá láti Amẹ́ríkà, àgbàdo ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Johnnie Walker tí gbogbo wa mọ̀ àti Chivas Regal, wisikí Skọ́tílándì ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọtí ilé ìpọntí oríṣiríṣi ni wọ́n dà pọ̀. Glenfiddich, Glenlivet àti Macallan ni single malt.

Kí ló wá sọ wọ́n di single malt? Ọkà báálì tí wọ́n ti mú hù nìkan ni wọ́n fi pọn ọ́n, inú ìkòkò ìpọntí ni wọ́n ti sè é, ilé ìpọntí kan ṣoṣo ló sì ti wá. Òfin wisikí Skọ́tílándì tí wọ́n ṣe ní 2009 ní ó gbọ́dọ̀ lo ọdún 3, ó kéré tán, nínú àgbá igi óòkù lórí ilẹ̀ Skọ́tílándì níbẹ̀, agbára rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan rò pé àgbá kan ṣoṣo ni gbogbo ìgò ti jáde. Rárá o. Wọ́n lè da ọtí inú ọ̀pọ̀ àgbá pọ̀, bí wọ́n bá ṣáà ti wà ní ilé ìpọntí kan náà. Tí ẹ bá sì rí 12 lára ìgò, ohun tó ń sọ ni pé èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù nínú rẹ̀ ti lo ọdún 12 nínú àgbá. Ọdún tó bá lò lórí kọ́bọ́ọ̀dù yín kò sí nínú ìṣirò. Ìgò kì í sọ ọtí dàgbà.

[Àwòrán: dúrọ́ọ̀mù ògógóró, páìpù, kẹ́ẹ̀gì]

Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń se ògógóró létí omi, ní apá Ìjẹ̀bú tó kángun sí ọ̀sà, ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Níbẹ̀, ẹmu ògùrọ̀ tó ti kan ni wọ́n ń dà sínú dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n á dáná sí i nídìí, ooru ọtí á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, á sì máa kán sínú kẹ́ẹ̀gì. Ní Skọ́tílándì, báálì ni wọ́n ń rẹ sómi títí yóò fi hù, torí híhù yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn kí ọkà lè di ṣúgà. Wọ́n á fi ooru gbẹ ẹ kó má baà hù jù, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi gbígbóná fa ṣúgà inú rẹ̀ jáde, wọ́n á da ìwúkàrà sí i. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti di ohun tó jọ bíà. Èyí ni wọ́n ń sè nínú ìkòkò bàbà ọlọ́rùn gígùn, lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó kọ́kọ́ kán jáde nígbà kejì mú jù, wọn kì í gbà á. Ohun tó gbẹ̀yìn wúwo, òórùn rẹ̀ kò sì dára. Àárín ni wọ́n ń gbà, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n ọ̀gá apọntí wà: kó mọ ìgbà tí àárín bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí.

Wọ́n ti ń ṣe é tipẹ́. Ìwé ìnáwó ọba Skọ́tílándì ti dárúkọ báálì tí wọ́n fún àlùfáà kan láti fi pọntí ní 1494. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn ọ́n, tí wọ́n ń sá fún agbowó orí. Ní 1823 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó jẹ́ kí ìwé àṣẹ rọrùn láti gbà. George Smith, tó dá Glenlivet sílẹ̀, gba tirẹ̀ ní 1824. Inú bí àwọn aládùúgbò rẹ̀ tó ṣì ń pọntí lábẹ́lẹ̀ débi pé wọ́n halẹ̀ láti dáná sun ilé ìpọntí náà. Ìbọn ìléwọ́ méjì ló ń gbé kiri láti fi dáàbò bo ara rẹ̀.

Mo máa ń ro èyí tí mo bá ń ro ògógóró. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló wá fòfin de tiwa nígbà àmúnisìn, tí wọ́n ń kó àwọn tó ń sè é. Tiwọn gba ìwé àṣẹ, ó di ohun tí gbogbo ayé ń fi owó ńlá rà. Tiwa ṣì wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú kan bá lè ṣe sùúrù, kó fi ògógóró tó mọ́ dáadáa sínú àgbá igi fún ọdún mélòó kan, mo fẹ́ wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

[Àwòrán: àgbá igi óòkù nínú yàrá tútù]

Àgbá gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí ọtí bá ti ìkòkò bàbà jáde, funfun ni bí omi. Igi ló ń fún un láwọ̀, igi ló ń fún un ní ọ̀pọ̀ adùn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin gbà kí wọ́n fi àwọ̀ ṣúgà díẹ̀ kún un. Ọ̀pọ̀ àgbá náà ti Amẹ́ríkà wá. Òfin ibẹ̀ ní àgbá tuntun ni kí wọ́n máa fi ṣe bọ́bọ́ọ̀nù, wisikí ilẹ̀ wọn, nítorí náà àwọn ará Skọ́tílándì ń ra àlòkù. Ọtí tó bá ti inú irú àgbá bẹ́ẹ̀ jáde á máa rùn bí fàníla àti oyin. Àgbá mìíràn ni èyí tí wáìnì ṣẹ́rì ti Sípéènì ti wà nínú rẹ̀. Ọtí tirẹ̀ pupa jù, ó sì ní adùn déètì àti èso gbígbẹ. Ohun tó sọ Macallan di olókìkí nìyẹn.

Nínú gbogbo ọdún yẹn, igi ń mí, ọtí ń fẹ́ lọ. Bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ lọ́dọọdún, wọ́n ní ìpín àwọn áńgẹ́lì ni. Ẹ ṣírò ọdún 18: ó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta àgbá kan tó ti lọ sójú ọ̀run. Ara ohun tí ẹ ń sanwó fún nìyẹn.

[Àwòrán: ife kékeré tó ní ikùn, ẹnu rẹ̀ fún]

Ó tó, ẹ jẹ́ ká mu ún. Ife tó ní ikùn, tí ẹnu rẹ̀ fún díẹ̀, ló dára jù, torí ó ń kó òórùn jọ. Tí kò bá sí, gíláàsì wáìnì kékeré ti tó. Ẹ bu díẹ̀ péré, bíi ìdérí ìgò omi mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ má yára. Ẹ gbé e sún mọ́ imú, ẹ la ẹnu díẹ̀, ẹ fà á símú jẹ́jẹ́. Tó bá ta yín nímú, ẹ gbé e jìnnà díẹ̀. Ẹ wá tọ́ ọ, kí ẹ jẹ́ kó yí ká ahọ́n kí ẹ tó gbé e mì. Àkọ́tọ́wò máa ń jó ẹnu. Èkejì ni kí ẹ fi ṣèdájọ́.

Lẹ́yìn náà, omi. Ẹ fi ṣíbí kán omi tútù díẹ̀ sí i. Àwọn àgbà amutí ti mọ̀ pé omi ń ṣí òórùn rẹ̀. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì ní Swídìn fi kọ̀ǹpútà wo ìdí rẹ̀: nígbà tí omi bá wọ inú rẹ̀, èròjà kan tó ń mú òórùn èéfín wá, guaiacol, máa ń gòkè wá sójú ọtí, níbi tí imú ti lè gbà á. Yìnyín ní tirẹ̀ ń pa òórùn. Mo mọ bí oòrùn ṣe ń mú lábẹ́ kánópì. Tí ooru bá pọ̀ jù, ẹ fi horo yìnyín kan sí i, kò burú. Ṣùgbọ́n kóòkì lórí ọtí ọdún 18, mi ò lè fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ kóòkì, ẹ gbé wisikí àdàlù fún un. Iṣẹ́ yẹn ló mọ̀ ọ́n ṣe.

[Àwòrán: agbo ẹgbẹ́ nínú àgbàlá, aṣọ ẹgbẹ́, orí tábìlì]

Ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá ni Ojúde Ọba, gbogbo règbérègbé ló sì máa ń kóra jọ sílé. Àsìkò yẹn ló yẹ kí ìgò yẹn kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgò kan, lítà 0.7 ni, tí ẹ bá bu mílílítà 30 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ju ife 20 lọ. Tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́wàá á mu ún lẹ́ẹ̀mejì, á tún ṣẹ́ kù. Bí ẹni mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ bá gbé ìgò kọ̀ọ̀kan wá, ẹ ti ní àkójọ gidi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó fúyẹ́, irú Glenlivet 12. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ti àgbá ṣẹ́rì. Ẹ fi elééfín sẹ́yìn, torí tó bá ti wọlé, kò ní jẹ́ kí ẹnu mọ òmíràn mọ́.

Elééfín wo? Ní Islay, erékùṣù kan ní Skọ́tílándì, píìtì ni wọ́n fi ń gbẹ báálì, ìyẹn ilẹ̀ irà tí ewéko ti jẹrà sí láti ìgbà pípẹ́, tí wọ́n gé, tí wọ́n sì sá kó gbẹ kí wọ́n tó fi dáná. Èéfín rẹ̀ ló wọ inú Lagavulin, Laphroaig àti Ardbeg. Ẹ̀gbọ́n kan lè gbé ife sétí imú kó ní, "Àbúrò, ṣé ẹja yíyan lo rì sínú èyí ni?" Ẹ má jiyàn. Ẹ gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ tó ní ẹja àrọ̀ yíyan síwájú wọn, kí wọ́n jẹ díẹ̀, kí wọ́n tún mu díẹ̀. Èéfín inú ẹja àti èéfín inú ọtí á pàdé, wọ́n á bára wọn mu. Ní tèmi, kò sí oúnjẹ àríyá tó bá Islay lọ ju ìyẹn.

Ẹni tó kéré jù ló ń bù, ó sì ń kọ́kọ́ bù fún àgbà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó mu ún" ti tó ní ẹ̀kọ́. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà fún, ẹ gbé sóbò tútù fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjì, ẹ má sì bi í ní ìdí. Ẹni tó máa wakọ̀ padà sí Èkó lálẹ́ ọjọ́ náà, òórùn nìkan ni kó gbọ́.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, nítorí náà ẹ ra ọtí lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè padà lọ bá. Ẹ wo ìdérí bóyá wọ́n ti ṣí i rí, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC. Tí ìgò bá sì ṣófo, ẹ fọ́ ọ kẹ́ ẹ tó dà á nù, kí ẹlòmíràn má baà rọ ìdọ̀tí sínú rẹ̀ tà fún àwọn èèyàn.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ gbé e dúró, ẹ má fi dùbúlẹ̀, torí ọtí líle ń jẹ kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dé ẹnu ìgò. Ẹ fi síbi tí oòrùn kò dé. Ìgò tó bá ṣì kún á pẹ́. Tó bá ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa òórùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹ tún pe àwọn ọ̀rẹ́ kẹ́ ẹ jọ mu ún tán.