Asà Kan, Ìpínlẹ̀ Méjì: Ìdí Tí Eré Kẹta Fi Di Dandan

Ẹ wo èsì yìí dáadáa, ẹ̀yin olùwòran wa: New South Wales 18, Queensland 14. Ìlú Townsville ní Ọsirélíà ni, oṣù kẹfà ọdún 2023, nínú rugby league àwọn obìnrin, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, tí wọ́n sì ń fẹsẹ̀ gbá. New South Wales ló na Queensland, síbẹ̀ Queensland ló gbé asà ìdíje. Kò sí ojúsàájú níbẹ̀ o. Ìlànà ìdíje ló fà á.

Ọdún 1999 ni àwọn obìnrin ìpínlẹ̀ méjèèjì yìí, ní Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ sí í kojú ara wọn lọ́dọọdún nínú rugby league. Títí di 2015, ife ò kúrò lọ́wọ́ Queensland. Ọ̀mì 4-4 ni wọ́n ta lọ́dún yẹn, ẹni tó ni ife tẹ́lẹ̀ ló sì dì í mú. Gold Coast ni New South Wales ti wá já a gbà ní 2016, pẹ̀lú 8-4.

Ní 2018, wọ́n fún ìdíje yìí lórúkọ tí ti àwọn ọkùnrin ń jẹ́: State of Origin. Ibi tí eléré ti ṣẹ̀ wá là ń wò, kì í ṣe ibi tí ẹgbẹ́ tó ń sanwó fún un wà.

Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń pàdé lọ́dún. Ní 2021, 6-6 ni wọ́n wà tí àsìkò ti ń tán lọ, ni Lauren Brown bá gbá pẹ́náritì wọlé. Àmì 2 nìyẹn, 8-6, ó parí fún odidi ọdún kan. Ìyẹn ti kéré jù fún irú orogun báyìí.

Wọ́n sọ ọ́ di eré méjì ní 2023. Queensland na New South Wales 18-10 ní Parramatta, New South Wales gbẹ̀san ní Townsville. Nígbà tó di ọ̀kan-ọ̀kan, àpapọ̀ àmì ni wọ́n kà: Queensland 32, New South Wales 28. Àmì 8 tí Queensland fi ṣíwájú ló yẹ kí New South Wales kọ́kọ́ pa rẹ́ ní Townsville. 4 ni wọ́n rí.

Ló bá di eré mẹ́ta ní 2024. New South Wales borí ní Brisbane, 22-12. Ní Newcastle, Lauren Brown yìí kan náà sọ bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó gbá a bó ṣe ta sókè, ó sì la àárín òpó kọjá. Àmì 1 péré nìyẹn, òun ló sì sọ ọ́ di 11-10 fún Queensland. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ ní ti ìlànà 2023: New South Wales 32, Queensland 23. Asà ì bá ti lọ. Ṣùgbọ́n eré kẹta ṣì wà ní Townsville, Queensland sì borí níbẹ̀, 22-6, ni wọ́n bá gbé asà.